Òfàfà Kì í Sá fún Iná

Ọ̀kẹ́rẹ́ kan já bọ́ láti orí igi arère, ìrù rẹ̀ ń jó. Ó dìde, ó sáré kọjá níwájú Àwáwù, ó kó wọ inú koríko gbígbẹ lápá òsì, ibi tó wọ̀ náà sì gbiná. Àwáwù sáré débẹ̀. Ó gbé imọ̀ ọ̀pẹ tútù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sókè, ó ń na iná náà bí ẹni ń na olè tó wọlé ẹni. Ó nà á títí ó fi kú. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, iná ti ràn níbi mẹ́ta mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, èéfín sì ti bo ojú ọ̀run débi pé oòrùn pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn.

Ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ìdájí. Ẹ̀yìn ìrun Àsùbáà ló rí màjàlà tó ń bọ́ sórí aṣọ tó sá sí àgbàlá nílùú Ẹdẹ, dúdú, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ìyẹ́ ẹyẹ tí kò wúwo. Kò sí ẹni tó dáko rí tí kò mọ̀ pé iná kì í jó kí màjàlà má fò wálé. Ó wòkè, ó rí i pé ọ̀nà Alajue ni èéfín ti ń yọ. Kò dúró mu ẹ̀kọ. Ó so gèlè mọ́ra, ó gun ọ̀kadà, ó ní kí ọlọ́kadà náà máa sáré.

Igbó Arère kò tóbi. Ẹni tó bá mọ ẹsẹ̀ gbé yóò rìn ín já kí ìkòkò ẹ̀wà kan tó jinná. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni igbó tó ṣẹ́ kù lágbègbè náà tí orí igi ti kan orí igi, tí ẹran lè rìn lókè láti ẹ̀bá ọ̀nà dé etí odò láì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Bàbá Àwáwù, tó jẹ́ ọdẹ, ló kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yìnbọn nínú rẹ̀. Ó ní igbó tí a kò bá fi sílẹ̀ kó bímọ, àwọn ọmọ wa ni kò ní rí ẹran jẹ. Nígbà tí bàbá kú, igbó di ti ẹbí, ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó ń bójú tó o. Àwáwù, tó ti di ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, ló ń dáko sí etí rẹ̀. Ìbẹ́pẹ ló gbìn síbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti ẹ̀gẹ́ díẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ariwo ọ̀bọ lórí igi ni ohùn àkọ́kọ́ tó ń kí i káàárọ̀. Wọ́n a máa jí i ní ìbẹ́pẹ, òun náà a máa bú wọn, ọ̀rọ̀ wọn a sì parí síbẹ̀.

Ohun tó ń bí i nínú jùlọ láàárọ̀ ọjọ́ náà kì í ṣe iná. Iná kò lójú. Àwọn tó lójú ni àwọn ọkùnrin bíi mẹ́wàá tó tò sí etí igbó lápá ibi tí atẹ́gùn ọyẹ́ ń fẹ́ lọ, àdá lọ́wọ́, ajá lẹ́sẹ̀. Wọn kò pa iná. Wọ́n dúró bí ẹni tó ń retí mọ́tò. Ẹran tó bá jáde látinú èéfín, tí ojú ń ta, tí kò mọ ibi tó ń lọ, ajá a fò mọ́ ọn, àdá a sọ̀ kalẹ̀. Àwáwù lọ bá ọ̀kan nínú wọn, Zakariyah, ẹni tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní Alajue, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn náà ṣẹ́ ewé tútù, kí wọ́n wá ran òun lọ́wọ́.

Zakariyah nu òógùn ojú rẹ̀. "Ìyá Fawziyah, iná ti ń jẹ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ káwa náà jẹ tiwa."

Kò yájú sí i. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé ọ̀sán ti pọ́n. Ìyẹn gan-an ló dun Àwáwù jù. Ì bá ṣe pé ó bú òun ni, òun ì bá mọ ohun tí òun máa fi fèsì.

Nígbà tí Tiwaladé fi dé, iná ti dé etí odò, ó sì ti kú fúnra rẹ̀ nítorí pé kò rí ohun jẹ mọ́. Ọmọbìnrin Ìjẹ̀ṣà ni Tiwaladé, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì ìjọ kan nílùú Ẹdẹ. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń wá sí Igbó Arère lóṣooṣù, tí á máa gbójú sókè títí ọrùn á fi dùn ún, tí á sì máa kọ orúkọ ẹran tó bá rí sínú ìwé. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, Àwáwù rò pé ìjọba ló rán an wá gbalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí i pé ọmọ náà kò fẹ́ ohunkóhun ju kó mọ ibi tí òfàfà ń sùn, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn ihò igi hàn án, bí bàbá òun ti fi wọ́n han òun.

Wọn kò kí ara wọn. Tiwaladé di ọwọ́ Àwáwù mú, ó wo ojú rẹ̀ tó ti dúdú fún èéfín, ó wo apá ibi tí oko ti pàdé igbó. Ó ṣí ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan kan, ó tún pa á dé. Wọ́n wọ bàtà rọ́bà, wọ́n gbé àkàbà tí Àwáwù fi ń ká ìbẹ́pẹ, wọ́n wọgbó.

Inú igbó ti di ibòmíràn. Ilẹ̀ gbóná débi pé wọn kò lè dúró sójú kan. Àwọn igi ńlá ṣì wà ní ìdúró, ẹni tó bá sì wò wọ́n lókèèrè lè sọ pé kò ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n ewé wọn ti ká kò, ìtàkùn tó so igi mọ́ igi ti jó já, ó ń rọ̀ dirodiro pẹ̀lú ògúnná lẹ́nu. Ọ̀nà òkè tí àwọn ẹran ń gbà ti já sí wẹ́wẹ́. Kò sí ẹyẹ kankan tó ń ké. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ kò ju igi gbígbẹ tó ń ta páro níbi tó ti ń jó lábẹ́lẹ̀.

Ìdí igi kan tó ní ihò ní ìwọ̀n gígùn ènìyàn méjì sókè ni wọ́n yà sí. Òfàfà ló ń gbébẹ̀. Òfàfà kò tóbi ju ológbò lọ, kò nírù, ẹni tó bá rí i lọ́sàn-án kò ní kà á sí. Àfi bó bá ké lóru ni àlejò á rò pé wọ́n ń fún ènìyàn lọ́rùn nínú igbó. Ọ̀bọ a máa sá fún iná. Ọ̀kẹ́rẹ́ náà a máa sá. Òfàfà kì í sá. Bí ẹ̀rù bá bà á, inú ihò igi ló ń kó sí, á dákẹ́ síbẹ̀ títí ewu á fi rékọjá. Bí ìyá rẹ̀ ti ṣe nìyẹn, bí ìyá ìyá rẹ̀ ti ṣe náà nìyẹn, ó sì gbà wọ́n lọ́wọ́ idì àti lọ́wọ́ ọdẹ.

Tiwaladé gun àkàbà, ó ti ọwọ́ bọ inú ihò. Ó fa ọ̀kan yọ, ó nà án sí Àwáwù. Ó fa èkejì yọ. Ó dúró pẹ́ díẹ̀ kó tó fa ẹ̀kẹta, èyí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Iná kò kàn wọ́n rárá. Irun wọn mọ́, ó sì rọ̀. Kò séyìí tó rùn nínú wọn. Èéfín ló wọlé bá wọn bó ti ń wọ inú ààrò, wọ́n sì dákẹ́ síbẹ̀, wọ́n ń retí kó rékọjá.

Ihò mẹ́fà ni wọ́n dé. Ohun kan náà ni wọ́n bá nínú márùn-ún. Ẹ̀kẹfà ṣófo, Àwáwù sì fẹ́ yọ̀, ṣùgbọ́n Tiwaladé fi ojú àdá hàn án lára èèpo igi náà, àti ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Ẹnì kan ti ṣáájú wọn débẹ̀.

Àwáwù béèrè nípa àwọn ọ̀bọ. Ó ní òun gbọ́ ohùn wọn láàárọ̀, wọ́n ń ké lọ sápá odò, bóyá àwọn yẹn rí ọ̀nà lọ.

"Ó ṣeé ṣe, mà," ni Tiwaladé wí. Ó jókòó sórí àkàbà tí wọ́n gbé sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹran ni iná kì í pa, Màmá. Oṣù tó bá tẹ̀ lé iná ló ń pa wọ́n. Kò séwé tí wọ́n á jẹ, kò síbi tí wọ́n á sá pamọ́ sí. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ wá máa fẹsẹ̀ rìn nílẹ̀, níbi tí wọn ò mọ̀ ọ́n rìn."

Àwáwù ń wo ìdí igi tó wà níwájú rẹ̀. Dúdú tí iná fi sára rẹ̀ ga lápá kan ju apá kejì lọ. Ó wo èyí tó tẹ̀ lé e, bákan náà ló rí. Bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ nígbà tó ṣì ń gbé àpò tẹ̀ lé e: ibi tí dúdú ti kúrú ni iná ti ń bọ̀. Àwọn ọkùnrin etí igbó ti ń sọ ọ́ láti àárọ̀ pé àwọn Bòròrò tó ń da màlúù ló dáná náà sílẹ̀. Àwáwù kò rí màlúù kankan. Ó dìde, ó ní kí Tiwaladé máa lọ sílé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé dúdú ara igi láti ìdí kan dé ìdí kejì, bí ẹni tó ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ olè.

Iná náà mú un gba àárín ìlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kan kọjá. Ilẹ̀ abẹ́ wọn dúdú, ewé gbígbẹ ibẹ̀ ti jó tán. Kò dúró wò ó. Ó jáde sí pápá tó wà lẹ́yìn oko, ibẹ̀ ló sì ti rí i. Àwọ̀n aláwọ̀ ojú ọ̀run kan, tí wọ́n ta mọ́ èèkàn mẹ́rin, tí apá kan rẹ̀ ti yọ́ di kókó. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ta àwọ̀n sí, ẹ̀gbẹ́ kejì ni wọ́n dáná sí, kí àwọn ọ̀yà tó wà láàárín koríko lè sá wọ inú rẹ̀. Àwáwù kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ẹni tó ni àwọ̀n náà fún un. Ọdún tó kọjá ni òun fúnra rẹ̀ bá àbúrò rẹ̀ Teslim lẹ àwọn ibi tó ya lára rẹ̀. Okùn pupa tó fi rán an ṣì wà níbẹ̀.

Sekona ló ti bá a, ní ìkóríta, níbi tí àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ máa ń tò sí. Teslim, tó jẹ́ ọ̀sán gangan ló ń wa ọ̀kadà tí á sì máa dẹ̀gbẹ́ bó bá ráyè, ti tẹ́ àpò símẹ́ńtì sílẹ̀. Ọ̀yà méjì péré ló wà lórí rẹ̀. Ọ̀bọ mẹ́rin, òfàfà márùn-ún, àti àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ tó so pọ̀ bí ìdì ẹ̀fọ́ ló kún ìyókù. Ẹnì kan ń wi irun ọ̀bọ kan lórí iná lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn oníbàárà dúró yí i ká.

Teslim rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì dìde. Àwáwù kò pariwo. Ó ju okùn pupa tó já lára àwọ̀n náà sórí ẹran tó pa tẹ́. Teslim wò ó.

"Ọ̀yà la wá lọ, Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Atẹ́gùn ló yí padà. Mo fi Ọlọ́run Allah búra."

"Má fi Ọlọ́run búra lórí òkú ẹran." Àwáwù yíjú sí àwọn tó fẹ́ rà. Púpọ̀ nínú wọn ló dé fìlà, méjì nínú wọn ló sì ti ń kírun ní mọ́sálásí kan náà pẹ̀lú ẹbí rẹ̀. Ó sọ fún wọn, láì gbé ohùn sókè, pé òun mọ bí ẹran wọ̀nyí ti kú. Ó ní èéfín ló pa àwọn mìíràn, ajá ló pa àwọn mìíràn. Kò sí ọ̀bẹ tó kan ọrùn wọn kí ẹ̀mí tó bọ́, kò sì sẹ́ni tó ṣe Bìsìmílà. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ òkú kó rà á.

Àwọn ènìyàn náà wojú ara wọn. Ọ̀kan rántí pé òun ní ẹni tí òun ń dúró dè. Òmíràn gbé ọ̀yà tó ti mú sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ń fi ọwọ́ nu ara ṣòkòtò. Kò pẹ́ tí ibẹ̀ fi dá. Fún ìṣẹ́jú kan, Àwáwù rò pé òun ti borí. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ kan tó ń lọ sí Ìbàdàn yà sẹ́bàá títì, awakọ̀ rẹ̀ yọ orí síta, ó kí wọn, ó sì nawọ́ sí ọ̀bọ tí wọ́n ń wi irun rẹ̀.

"Ìyá, ẹ má bínú, mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ," ló wí tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ṣọ́ọ̀ṣì lèmi ń lọ. Èló ni?"

Wọ́n di í fún un nínú ọ̀rá dúdú. Àwáwù ń wo ọkọ̀ náà títí ó fi wọ kọ̀rọ̀. Ẹrù kan wà ní àyà rẹ̀ tí kò mọ ẹni tó máa gbé e lé lórí. Ó yá bááfù ńlá kan lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta ọsàn nítòsí, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń kó àwọn ẹran náà sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òfàfà, ọ̀bọ, ọ̀kẹ́rẹ́. Teslim kò dá a dúró. Ó bá a gbé bááfù náà sínú kẹ̀kẹ́ akérò kan, ó sì yí ojú padà kí ojú àwọn méjèèjì má bàa ṣe mẹ́rin.

Àwọn àgbà ẹbí ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun Alásárì tán nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ agboolé wọn nílùú Ẹdẹ nígbà tí Àwáwù wọlé. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, bó ti yẹ. Lẹ́yìn náà ló da bááfù dé sílẹ̀ níwájú Bàbá Ọládòṣù, àbúrò bàbá rẹ̀, tó jẹ́ olórí ẹbí. Àwọn àgbà ká aṣọ wọn nílẹ̀ kíá. Àlùwàlá wọn kò tíì gbẹ.

Ó rò ó fún wọn. Ó sọ ti àwọ̀n, ó sọ ti ihò igi mẹ́fà, ó sọ ti àwọn ọkùnrin tó ń fi àdá retí. Ó ní òun fẹ́ kí ẹbí pe Teslim, kí wọ́n sì gba ìbọn àti àwọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Ọládòṣù, ẹni ọgọ́rin ọdún tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, fi ẹ̀yìn ọwọ́ rọra ti òfàfà kan kúrò lẹ́bàá bùjókòó rẹ̀.

"Èmi ni mo rán Teslim," ló wí. "Lọ́jọ́ Sátidé ni yìgì Mubarakah ọmọ-ọmọ mi, mo ní kó wá ọ̀yà fún mi. Ibi tí bàbá tìrẹ gan-an ti ń dáná lọ́dọọdún ni wọ́n dáná sí. Ó dun èmi náà pé iná wọgbó. Ṣùgbọ́n ilé ọba tó jó, Àwáwù, ẹwà ló bù sí i. Kí òjò méjì rọ̀ ná, gbogbo rẹ̀ á tún hù."

"Ọba láwọn tó ń bá a kọ́lé, Bàbá," ni Àwáwù fèsì. "Ta ni òfàfà ní?"

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fún Bàbá Ọládòṣù lésì bẹ́ẹ̀, àgàgà obìnrin. Ọkùnrin arúgbó náà kò bínú. Ó wo Àwáwù pẹ́, ojú tó fi wò ó sì dà bí ti ẹni tó fẹ́ fa ẹ̀gún yọ, tó mọ̀ pé yóò dunni.

"Lọ́dún tó kọjá," ló wí, "ọmọbìnrin tíṣà yẹn wá bá wa níbí yìí. Ó ní ká ro ilẹ̀ fífẹ̀ kan yí igbó ká, ká gbá ewé rẹ̀ mọ́, kí iná má bàa rí ọ̀nà wọ̀ ọ́. Gbogbo wa la gbà. Teslim wà lára àwọn tó gbé ọkọ́. A ro ó láti etí odò títí ó fi dé etí oko ẹnì kan. Ta lẹni náà? Ta ló ní wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ òun?"

Àwáwù ṣí ẹnu. Ìlà kan péré ni. Àgbagbà tó ti ń yọ ọmọ ni. Ó ku oṣù méjì kó gbó nígbà náà. Ó ti sọ fún Tiwaladé pé kó jẹ́ kí òun kórè ná, lẹ́yìn náà ló sọ pé kí òjò dá ná, lẹ́yìn náà ni kò sọ nǹkankan mọ́, Tiwaladé náà kò sì béèrè. Ó rántí bí ọmọ náà ti wo apá oko láàárọ̀, tó ṣí ẹnu, tó sì pa á dé. Ó rántí ilẹ̀ dúdú tí ẹsẹ̀ òun gbà kọjá, tí òun kò dúró wò.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí abẹ́rẹ́. Ó bínú sí Bàbá Ọládòṣù tó sọ ọ́, ó sì bínú sí i jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí pé òótọ́ ni. Bí a ti ń sunkún, a sì máa ń ríran. Láti àárọ̀ ló ti ń ka àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi gbogbo lojú rẹ̀ ti tó, àfi ibi tí òun dúró sí. Ó kó àwọn ẹran náà padà sínú bááfù. Kò sẹ́ni tó bá a kó wọn. Ó gbẹ́ kòtò fún wọn ní ẹ̀yìn ilé, lábẹ́ igi ọdán, ó bò wọ́n, ó ṣan ọwọ́, ó sì tún padà sí oko, torí pé ó ń bẹ̀rù kí ògúnná kan má ti jí dìde.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tó débẹ̀. Láti ọ̀nà ló ti rí i pé orí àwọn ìbẹ́pẹ rẹ̀ ń mì, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn kò fẹ́.

Àwọn ọ̀bọ ni. Wọ́n tó mẹ́tàdínlógún tàbí méjìdínlógún, wọ́n pín ara wọn sórí ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ń jẹun. Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù ba Àwáwù ni pé wọn kò pariwo. Ní ọjọ́ mìíràn, bí wọ́n bá ti rí i báyìí, wọ́n á ti máa ké, wọ́n á ti máa sá padà sórí arère lọ máa ṣẹ̀fẹ̀ rẹ̀. Lónìí, èyí tó sún mọ́ ọn jù kàn wò ó ni, ó sì ń jẹ ìbẹ́pẹ tútù tó mú lọ́wọ́, tí oje rẹ̀ ń kán sí i láyà. Irun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti jó dé awọ. Ọmọ kan so mọ́ ọn níkùn.

Àwáwù mú òkúta nílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló mú un. Ogún ọdún ni ọwọ́ náà ti fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dúró pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n ń jẹ ohun tí òun fẹ́ tà títí òjò á fi dé, wọ́n ń jẹ òdòdó ìbẹ́pẹ pàápàá, èyí tí yóò di èso lọ́dún tó ń bọ̀. Ó wò wọ́n títí, ó sì ju òkúta náà sílẹ̀ sẹ́sẹ̀ ara rẹ̀.

Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Teslim ni, ó gbé ìbọn ṣakabùlà kọ́ èjìká. Ọmọ ọdẹ ni òun náà; ó mọ ibi tí ẹran tí kò nílé mọ́ á sá gbà.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "wọ́n ń jẹ yín run."

"Mo rí wọn."

"Bí mo bá yìn ín lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á lọ."

"Níbo?"

Teslim wo Igbó Arère. Èéfín tín-ín-rín ṣì ń yọ níbẹ̀, igi sì dúró lọ́kọ̀ọ̀kan bí ènìyàn tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wọn. Ó wò ó pẹ́. Àwáwù jókòó sórí òkìtì ẹ̀gẹ́ tó wà láàárín àbúrò rẹ̀ àti àwọn ìbẹ́pẹ náà, ó sì na ẹsẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ àwọ̀n mọ́, kò sì sọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó sọ fún un pé kì í ṣe orí òun ni yóò gbà yìn ín, pé bó bá fẹ́ yìn ín, kó yí oko po. Teslim kò yí oko po. Ó sọ ìbọn kalẹ̀ léjìká, ó yọ ètù rẹ̀ dànù sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ bò ó.

"Zakariyah àtàwọn tiẹ̀ ń bọ̀ lọ́la," ló wí nígbà tó yá. "Ìdájí ni wọ́n fi sí. Wọ́n mọ̀ pé ibí làwọn ẹran á wà."

Ó dúró díẹ̀ sí i bí ẹni tó ń retí kí wọ́n rán òun níṣẹ́, lẹ́yìn náà ló gba ọ̀nà ìlú lọ. Àwáwù kò pè é padà. Kò tíì lè pè é.

Ó jókòó síbẹ̀. Ìdájí ọ̀la, ló ń rò, òun á ti wà níbí kí wọ́n tó dé. Ọ̀túnla náà ńkọ́? Oṣù kan gbáko, ni Tiwaladé wí. Òjò kò sì tíì ṣú rárá. Ó wá inú tó ń bí i láti àárọ̀, bóyá ó ti rọ̀, ó sì bá a níbi tó wà, ó gbóná síbẹ̀ bí ilẹ̀ igbó lábẹ́ bàtà. Àmọ́ kò fi ń wá ẹni tó máa dà á lé lórí mọ́. Ó mọ̀ pé ìbínú náà ni yóò jí òun dìde ní ìdájí.

Lókè orí rẹ̀, ọ̀bọ abiyamọ náà jẹ ìbẹ́pẹ tán dé kóró. Ó la ọwọ́, ó wò ó, kò rí nǹkankan mọ́ níbẹ̀. Ó wá na ọwọ́ sí ewé ìbẹ́pẹ, ewé kíkorò tí kò sí ọ̀bọ kan tó máa ń fẹnu kàn án, ó já a, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.